"Ìgébámu" ló yẹ backport, kì í ṣe "ìdápadà"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ìdápadà" fún ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní backport, ìyẹn mímú kóòdù tuntun ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dà àtijọ́; ẹlòmíràn ní "ìgbésẹ́yìn". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "back" inú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀lé, wọn kò tẹ̀lé iṣẹ́ náà. Ohun tí a dá padà ti wà níbẹ̀ rí. Kóòdù tí à ń sọ yìí kò dé inú èkùrọ́ àtijọ́ rí. (Èkùrọ́ ni mo ń pe kernel, ọkàn ètò bíi Linux; ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, torí ó fún wa ní eésan fún shell, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, lọ́fẹ̀ẹ́.)

Ẹ wo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì RTL8125 nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Debian 10, irú Linux kan, tí èkùrọ́ rẹ̀ jẹ́ 4.19 ti ọdún 2018. Ẹ tẹ lspci -nnk, àṣẹ tó ń to àwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà 10ec:8125 yóò jáde, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí "Kernel driver in use" lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá 8125 nínú r8169, dráífà (ètò tí èkùrọ́ fi ń darí káàdì) ti irú káàdì yìí, pẹ̀lú modinfo r8169 | grep 8125: kò ní mú nǹkan kan wá. Káàdì náà kò bàjẹ́. Inú èkùrọ́ 5.4, ọdún 2019, ni dráífà r8169 ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá kàn da r8169 ti 5.4 sínú 4.19 máa kan ògiri. Ní 4.19, inú skb->xmit_more ni dráífà ti ń wò ó bóyá ẹrù mìíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti 5.2, wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni netdev_xmit_more(). Gcc, tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, yóò dúró síbẹ̀, yóò ní òun kò mọ orúkọ yẹn. Ẹ ó gé ìlà náà, ẹ ó fi ti àtijọ́ sí i, lábẹ́ #if LINUX_VERSION_CODE < KERNEL_VERSION(5,2,0). Òmíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Kódà tí ẹ bá kọ́ r8169 tán (ìyẹn compile), dráífà kejì tó ń jẹ́ realtek, tó ń bójú tó ẹnu wáyà, nílò ìgé tirẹ̀, torí inú 5.4 náà ló ti mọ 2.5 gígábíìtì.

Kí ẹ tó kọ́ ọ, ẹ fi linux-headers-$(uname -r), àwọn fáìlì tí a fi ń kọ́ dráífà fún èkùrọ́ náà, sí i. Tí headers àti èkùrọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bá yàtọ̀, "Invalid module format" lẹ ó rí. Tí Secure Boot, tó ń yẹ ìfọwọ́sí wò, bá wà ní títàn, tí ẹ kò sì fọwọ́ sí módù (dráífà tí ẹ kọ́) náà, èkùrọ́ kò ní gbà á wọlé.

Àwọn tó ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ mọ irú iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20 dé, ìdí ọkọ̀ sì jẹ́ ti íǹṣì 15: abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á rì jù, yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ọ̀pá kúkúrú lórí ìdí gíga, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà mu. Wọ́n á gé pákó tàbí kí wọ́n kan pákó lé e, títí yóò fi bá ọkọ̀ mu. Wọ́n gé e bá a mu: ibẹ̀ ni mo ti mú "ìgébámu".

Ẹnìkan bèèrè bóyá iṣẹ́ DKMS, irinṣẹ́ tó ń kọ́ dráífà fún èkùrọ́ tuntun, náà jẹ́ ìgébámu: kò gé nǹkan kan. Nígbàkígbà tí èkùrọ́ bá yí padà, ó kàn ń tún kóòdù tí a ti gé kọ́ ni. "Àtúnkọ́" tó o.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú gbólóhùn kan náà. "A ti gé r8169 ti 5.4 bá 4.19 mu." "A ti dá r8169 ti 5.4 padà sí 4.19." Ẹni tó bá ka ìkejì yóò rò pé a ti yọ ti 5.4 kúrò, a sì ti padà sórí dráífà tí kò mọ káàdì náà.