Sitiráìkì tàbí ìwọ́de wo ló ti ṣiṣẹ́ lójú yín? Ẹ sọ tiyín

Ìyá Olóúnjẹ, Ifẹ̀:
Ẹ káàsán o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ torí tèmi ṣì ń dùn mí. Ìtòsí géètì Yunifásítì ni mo ti ń ta oúnjẹ, àwọn ọmọ sítúdẹ́ǹtì ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sitiráìkì ní 14 February 2022, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni, mo ní ṣebí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ni, mo lọ ra ìrẹsì sílẹ̀ dè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di oṣù méjì, ó di mẹ́jọ, 14 October ni wọ́n tó dá a dúró. Àwọn ọmọ ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé bàbá wọn, àwọn kóróòpù Lágere ò rí èrò gbé, ọmọbìnrin méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ mo ní kí wọ́n máa lọ ná, ìkòkò kékeré ni mò ń gbé kaná, èmi àtàwọn ọmọ mi la sì ń jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ìjọba tí wọ́n ń bá jà, ṣé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun ni? Òkè òkun lọmọ tiwọn ti ń kàwé!

Ẹ rántí January 2012. Ọjọ́ ọdún tuntun gan-an ni wọ́n sọ epo ₦65 di ₦141, nígbà tó máa di Monday, 9 January, gbogbo ìlú ti tì pa, báńkì, ọjà, ilé epo, èmi náà ti ìsọ̀ mi, kò sì dùn mí torí gbogbo wa la jọ tì í. Ọ̀sẹ̀ kan péré, Jonathan já a sí ₦97. Kò padà sí 65 o, àmọ́ ó já a. Ẹni tó mú iṣu tó mú ọ̀bẹ, òun gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ta bá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Òótọ́ lẹ sọ mà. Àdúgbò wa n'Iléṣà níbí, tiransífọ́mà bàjẹ́, a ò rí iná fún oṣù kan gbáko. Àwa ọ̀dọ́ bá dí títì, a dáná sun táyà, inú wa ń dùn pé a ń ṣe bẹbẹ. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná lẹ́yìn ẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọsibítù, kò bú wa o, ó kàn ń wò wá. Ojú tì mí dọ́ba. Àwọn oníná ò tiẹ̀ yọjú, kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú táyà? Lọ́sẹ̀ kejì àwọn ìyá wa ló gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé àpótí lọ síwájú ọ́fíìsì wọn láti aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n jókòó, òṣìṣẹ́ kan ò rí ọ̀nà wọlé. Kó tó di ọ̀sán ọ̀gá wọn ti ń bẹ̀bẹ̀, ọjọ́ kẹrin iná dé.

Tíṣà Àgbà:
Ìyá wa, ẹ má bínú sí wa. Oṣù mẹ́jọ yẹn, wọn ò san owó wa o. Kì í sì í ṣe pé òfo ni, December 2023 ni ìjọba gbà pé ká kúrò lórí IPPIS, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, tó ti ń dà wá láàmú látọjọ́ pípẹ́, ṣé ẹ rò pé wọ́n á gbà bí a ò bá jà? Ó kàn pẹ́ ni.

Ìyá Olóúnjẹ, Ifẹ̀:
Ẹ ṣé sà, mi ò bá yín jà. Ẹnìkan nínú yín jẹ àwìn lọ́dọ̀ mi títí sitiráìkì yẹn fi parí, mo sì ń bù ú fún un torí èèyàn dáadáa ni, ó sì máa ń bá ọmọ mi ṣe ìṣirò. Nígbà tí Tinubu wá ní kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú mẹ́jọ yẹn, tí owó wá wọlé, ó wá bá mi, ó ka owó lé mi lọ́wọ́. Mo kà á, ìdajì ni. Mo ní dókítà, ó kù o. Ó ní ìyá, ìdajì làwọn náà san fún òun.