Tànsáníà: Ìmúrasílẹ̀ Mi Ti Parí

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ ìmọ̀ràn yín. Lórí ìbéèrè mi, bóyá kí n tún gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú nítorí pé ọdún 2024 ni wọ́n kọ sí káàdì mi pé yóò parí, nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò pọn dandan, torí pé láti oṣù Keje ọdún 2016 ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, títí kan àwọn káàdì àtijọ́. Mo ti san dọ́là 44 adójútòfò tí Zanzibar, erékùṣù Tànsáníà, ń gbà lọ́wọ́ àlejò láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Mo sì ti tú ẹrù mi lẹ́ẹ̀mejì kí n lè yọ àpò ọ̀rá kúrò, torí wọn kì í gbà á wọlé níbẹ̀. Ògbólógbòó àdìrẹ ni mo fi wé bàtà mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní gbàgbé pé “saa mbili” wọn (“aago méjì” ní èdè Swahili, tí wọ́n ń kà láti aago mẹ́fà òwúrọ̀), aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni. Nígbà tí mo lọ tẹ́lẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni mo gbé àpò dé ibùdókọ̀, tí ọkọ̀ Arusha ti lọ tipẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa gbéra.