Ìsọ̀kalẹ̀ òkè ń pa itan mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin sárésáré. Kábà ni mò ń gbé. Òkè ló yí wa ká, kò síbi téèyàn lè sá gbà tí kò ní í gòkè. Mo ń gbára dì fún eré ẹlẹ́mìí ẹṣin (máratọ́ọ̀nù), gbogbo 42.195 km.

Ìgòkè kò dà mí láàmú, mo kàn máa ń gé ìṣísẹ̀ mi kúrú ni. Ìsọ̀kalẹ̀ ni wàhálà. Ní Sátidé tó kọjá, mo sá 28 km. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ padà sí apá ààfin Ọbaro, itan mi ti ń gbọ̀n bí ewé, abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti dúdú. Bàtà náà kò sì fún mi o.

Ẹ̀yin tó ti sáré olókè rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa sá ìsọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè mọ́ itan lára ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó? Báwo lẹ ṣe ń so okùn bàtà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò fi ní í máa forí gbá iwájú? Ó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an, mi ò fẹ́ já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà.