"Alábàárìn" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìràwọ̀ kejì"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn nǹkan ojú ọ̀run. Ẹnìkan láti Mókọ́lá ní ká máa pe ohun bàìbàì tó bá ìràwọ̀ kan so pọ̀ ní "ìràwọ̀ kejì". Ẹlòmíì láti Bódìjà ní "ọ̀rẹ́ ìràwọ̀" ló dáa. Èmi ò fara mọ́ ìkankan. Ọ̀kan ń ka iye, èkejì ń sọ ìfẹ́, kò sì sí èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan náà mọ̀. Ìrìn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á mú ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa, tí wọ́n ti mọ bó ṣe ń sún lójú ọ̀run lọ́dọọdún. Wọ́n á wá àwòrán ibì kan náà méjì tí ọdún pọ̀ láàárín wọn: ti 2MASS, iṣẹ́ yíya àwòrán gbogbo ojú ọ̀run tí wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn méjì ṣe láti 1997 sí 2001, ọ̀kan ní Arizona, ọ̀kan ní Chile, àti ti WISE, awò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní oṣù Kejìlá 2009. Wọ́n á gbé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á fi àwọn ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn, tó dà bíi pé wọn ò mira, ṣe òpó. Èyí tó bá sún níwọ̀n kan náà, sí apá kan náà, pẹ̀lú ìràwọ̀ ńlá ni alábàárìn. Èyí tó jókòó sójú kan, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló wà.

Ẹ mú ìràwọ̀ Epsilon Indi, tó jìnnà sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 12 (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún 12). Ó ń sún tó àáyá igun 4.7 lọ́dún. (Ẹ pín dìgírì kan sọ́nà 3,600, ẹyọ kan ni mò ń pè ní àáyá igun. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá.) Lọ́dún 10, ó ti di 47, ojú ò lè ṣì í lórí àwòrán. Ní 2003 ni wọ́n kéde pé nǹkan kan wà ní àáyá igun 402 sí i tó ń sún bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi 402 ṣe ìlọ́po 3.63, ìyẹn jíjìnnà rẹ̀ ní parsec (parsec kan tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26): ó tó ìlọ́po 1,460 àlàfo tó wà láàárín ayé àti oòrùn. Nígbà tí wọ́n tún un wò dáadáa, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, tí àwọn náà jọ ń yí ara wọn ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin "ìràwọ̀ kejì", kí lẹ máa pe ìkẹta?

Ìràwọ̀ ńlá náà ṣeé rí láti Ìbàdàn o. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ó wà lápá gúúsù, bíi dìgírì 26 sókè ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tàn púpọ̀, ẹ jẹ́ kí NEPA kọ́kọ́ múná lọ.

Ẹnìkan fi òwe ta kò mí: "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù." Ó ní "bá rìn" ti di ọ̀rọ̀ irọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ èmi ló gbè lẹ́yìn. Òṣùpá ń sún tó dìgírì 13 lójúmọ́. Ẹni tó bá tún wòkè lálẹ́ ọjọ́ kejì á rí i pé ó ti fi Àgùàlà sílẹ̀. Ohun tí àwòrán méjì ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá máa pe ìràwọ̀ ẹ̀yìn tó kàn ṣe kòńgẹ́ ìràwọ̀ ńlá lójú kan ní "àgùàlà".

Ibi tó ti nira ni òjìji. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an máa ń ta ẹ̀gún ìmọ́lẹ̀ sórí àwòrán, ẹ̀gún náà sì ń tẹ̀ lé e lọ síbi tó bá ń lọ. Ó ń bá a rìn lóòótọ́, kì í sì í ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń tú u fó ni pé bí awò bá yí, ẹ̀gún á yí tẹ̀ lé awò. Alábàárìn ò ní kúrò láyè rẹ̀.

Ní ti "aràrá aláwọ̀ ilẹ̀" (brown dwarf) fún irú ìràwọ̀ tí kò tóbi tó láti máa jó háídrójìn, bíi méjì tó ń bá Epsilon Indi rìn yẹn, ẹ jẹ́ ká yé. Jill Tarter, onímọ̀ ìràwọ̀ tó sọ wọ́n lórúkọ ní 1975 ní Gẹ̀ẹ́sì ò sọ pé àwọ̀ wọn nìyẹn. Àwọ̀ pàápàá ń tanni jẹ: lójú 2MASS, àwọn tó tutù ò pọ́n bí èèyàn ṣe rò, torí gáàsì mẹ́téènì ń gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ wọn mì. WISE ló mú wọn: ó wò wọ́n níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti gùn tó máíkírọ́ọ̀nù 3.4 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà), níbi tí mẹ́téènì ti ń mú ìmọ́lẹ̀ jẹ, àti ní 4.6, níbi tó ti ń ráyè jáde. Èyí tó bá ṣókùnkùn ní ti àkọ́kọ́ tó wá tàn ní ti ìkejì ni kí ẹ fura sí. Mo fẹ́ràn "ògúnná" tí ẹnìkan dá, torí wọ́n ń tutù lọ díẹ̀díẹ̀ bí igi tí wọ́n fà yọ lábẹ́ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, WISE 0855, tí wọ́n kéde ní 2014, tutù ju ara èèyàn lọ. Ta ló rí ògúnná tó tutù tó bẹ́ẹ̀? "Ìràwọ̀ àìràn" ni mo mú: iná ò ràn án.

"Ìtànṣán abẹ́-pupa" fún infrared, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí tí 2MASS àti WISE fi wo ọ̀run, kò ní wàhálà, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Èyí tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ìmọ́lẹ̀ rẹpẹtẹ tó ń bo àyíká ìràwọ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Ohun tí kò bá jìnnà tó àáyá igun 6 sí ara wọn, WISE ò lè yà wọ́n, inú ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ni ọ̀pọ̀ alábàárìn ń sá sí. Mo ti gbìyànjú "ìbòjú" àti "ìtànbò". Ìkejì súnmọ́ ọn, àmọ́ kò rọrùn lẹ́nu. Kí lẹ ní?