Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fa ìyàtọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nínú ẹ̀kọ́?

Ìyá Ìbejì (Òkè-Fìà):
Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo kí yín o. Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn méjèèjì sì wà ní SS1 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níhìn-ín ní Òṣogbo. Títí wọ́n fi jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí ó mọ̀wé jù nínú wọn. Láti JSS2 ni ọmọkùnrin ti ń fà sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, tí kì í fẹ́ ṣíwèé àyàfi bí mo bá dúró tì í. Ọmọbìnrin ní tirẹ̀ gba máàkì ìṣirò ju èkejì rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ̀ka Art ni wọ́n fi í sí, tí wọ́n sì fi ọmọkùnrin sí sáyẹ́ǹsì. Ilé kan náà, oúnjẹ kan náà. Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe sí ọ̀kan tí kò ṣe sí èkejì? Ṣé kí n wá ilé-ẹ̀kọ́ obìnrin nìkan àti ti ọkùnrin nìkan fún wọn ni?

Olùkọ́ Ìṣirò (Ọ̀gọ́-Olúwa):
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, ọmọkùnrin tí kò mọ ìdáhùn ni yóò kọ́kọ́ nawọ́, n óò sì pè é, nígbà tí ọmọbìnrin tí ó ti ṣe é tán nínú ìwé rẹ̀ yóò dorí kodò. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti inú rẹ́jísítà ni mo tó mọ iye àwọn tí mo ti ń fojú fò.

Nínú ìdánwò àgbáyé PISA, tí OECD (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń fọwọ́sowọ́pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé) ti ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 15 láti ọdún 2000, àwọn ọmọbìnrin ló ń ṣíwájú nínú ìwé kíkà káàkiri ayé. Ní ti ìṣirò, ọmọkùnrin ń ṣíwájú díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọmọbìnrin sì ń ṣíwájú ní àwọn mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé àbímọ́ ni ìyàtọ̀ inú ìṣirò, kí ló dé tí ó ń yí padà láti ìlú dé ìlú? Ẹ mú èsì JSS3 ọmọbìnrin yín lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. SS1 kò tíì pẹ́ jù.

Ọ̀gá Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìntì (Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun):
Ti ọmọkùnrin ni n óò sọ, nítorí a kì í sábà sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ àwùjọ méjì, Joscha Legewie àti Thomas DiPrete, wo ọ̀rọ̀ yìí nínú àwọn kíláàsì kan ní Berlin, ní Jámánì, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2012: bí àwọn ẹlẹgbẹ́ inú kíláàsì bá ti ilé tí ó rí já jẹ tí ó sì mọyì ìwé wá, ó ń gbé ọmọkùnrin sókè ju ọmọbìnrin lọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin ni ó ń pàdánù jù. Kò ṣàjèjì sí wa. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ọmọkùnrin tí ó ń kàwé ṣe yẹ̀yẹ́, yóò gbé ìwé jù sílẹ̀ kí wọ́n má bàa pè é ní obìnrin.

Ní ti yíyà wọ́n sọ́tọ̀, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá da ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa ní ọdún 2013, ìjọba Oyètọ́lá sì yí i padà ní ọdún 2020. A pariwo nígbà méjèèjì (èmi náà wà níbẹ̀), ṣùgbọ́n orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti aṣọ rẹ̀ ni a ń jà lé lórí, kì í ṣe ohun tí ń lọ nínú kíláàsì.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin (Ìgbọ̀nà):
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àwa obìnrin là ń gbálẹ̀ kíláàsì níbi tí mo ti kàwé, tí àwọn ọkùnrin yóò máa gbá bọ́ọ̀lù. Ilé ìgbẹ́ kò lómi, nítorí náà bí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù, ilé ni mo máa ń jókòó sí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní simultaneous equation bọ́ sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo da àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kọ, n kò sì lóye rẹ̀ títí mo fi ṣe WAEC.

Ìyá Ìbejì (Òkè-Fìà):
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọjọ́ Ajé ni n óò mú èsì náà lọ. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín nípa ọmọkùnrin ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń péjọ kàwé lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ní agbègbè Òkè-Fìà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ júwe ibẹ̀ fún mi.