Ìtàn ìfẹ́ lórí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé: kí ló fà á tí èrò wa fi yàtọ̀ síra tó báyìí?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Òǹkàwé-Alẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìwé kíkà, mo kí yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìtàn àròsọ kan tán, ìtàn ìfẹ́ ayé òde òní, èyí tó dá lórí ọkùnrin kan tó lo ọdún 8 lẹ́wọ̀n nítorí pé ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú olè jíjà, tí ó sì padà wá bá obìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn kí ọwọ́ òfin tó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kò ṣèlérí pé òun yóò dúró dè é, àmọ́ kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì parí sí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

Nígbà tí mo kà á tán ni mo lọ wo ohun tí àwọn tó kà á ṣáájú mi sọ nípa rẹ̀, ẹnu sì yà mí, nítorí ó ṣòro láti gbà pé ìwé kan náà ni gbogbo wọn kà. Àwọn kan ní ó pa àwọn lẹ́kún, àti pé òun ni ìwé àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí àwọn rí ẹlẹ́wọ̀n gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tó ní ọkàn bíi tàwọn. Àwọn mìíràn bínú gan-an; wọ́n ní òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Apá kẹta, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ìtàn náà falẹ̀, pé a ti ka ìdajì ìwé kí ọkùnrin náà tó lè di obìnrin náà lọ́wọ́ mú.

Ní tèmi, ojú ìwé kan ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà lọ sílé obìnrin náà, obìnrin náà ké sí i láti inú ilé pé kí ó máa wọlé bọ̀, ó sì ń bá oúnjẹ tó ń sè lọ. Nígbà tó pẹ́ tí kò rí i, ó jáde lọ wò ó, ó sì bá a tó dúró ṣánṣán níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn pa dé lásán, tí wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dúró kí ẹnìkan wá ṣí i fún òun. Láti ọdún 8, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn kankan. Obìnrin náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ńṣe ni kò fẹ́ wọ ilé òun, inú sì bí i. Lójú tèmi, ojú ìwé yẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé òǹkọ̀wé náà mọ ohun tó ń sọ.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé bí wọ́n ṣe kọ ìwé náà ni a ń jiyàn lé lórí, àbí ohun tí oníkálukú ti gbà gbọ́ nípa ẹlẹ́wọ̀n kí ó tó ṣí ìwé náà rárá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èrò yín, kí ẹ sì tọ́ka sí ohun tó wà nínú ìtàn náà gan-an.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Adúróṣinṣin

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Mo wà lára àwọn tí ìwé náà bí nínú, n ó sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kórìíra ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, tó sì ti ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, ti jẹ ìyà tí òfin ní kí ó jẹ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti nífẹ̀ẹ́ àti láti gbéyàwó bí ẹnikẹ́ni mìíràn.

Ọ̀rọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jà lólè ni mo ń bá òǹkọ̀wé náà jà sí. Ojú ìwé méjì péré ni wọ́n fún ọkùnrin yẹn nínú gbogbo ìwé náà. Wọ́n sọ fún wa pé wọ́n la igi mọ́ ọn lórí, pé kò ṣí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn náà a kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, obìnrin náà sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé òun ti dárí jì í, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń sunkún. Kí ni obìnrin náà ń dárí rẹ̀ jì? Ó lè dárí ọdún 8 tó fi dá wà jì í. Kò lè dárí orí tí wọ́n fi igi là jì í, nítorí kì í ṣe orí tirẹ̀.

Irú ìwé tó jẹ́ náà wà lára ohun tó fa ìṣòro yìí. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìfẹ́ ti mọ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ pé ayọ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Àdéhùn tó wà láàárín òǹkọ̀wé àti òǹkàwé nìyẹn, tí ìtàn náà bá sì parí sí ìpínyà, àwọn tó ra ìwé náà yóò ní wọ́n tan àwọn jẹ. Nítorí náà, kò sí ìgbà kankan tí a bẹ̀rù pé obìnrin náà lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá gbọ́n lè pa àdéhùn yẹn mọ́, kí ó sì gbé ìnira náà síbòmíràn: ì bá jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ bẹ oníṣọ́ọ̀bù náà, kí oníṣọ́ọ̀bù lé e jáde, kí ó sì gbéyàwó pẹ̀lú ìkọ̀sílẹ̀ yẹn lọ́kàn. Èmi ì bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa Adúróṣinṣin, òótọ́ lẹ sọ lórí oníṣọ́ọ̀bù, n kò sì ní bá yín jiyàn níbẹ̀. Ibi tí a ti yà síra ni ibi tí ẹ ti sọ pé kò sí ohun tó ń kó jìnnìjìnnì báni nínú ìtàn náà.

Àbúrò mi ọkùnrin ti ṣẹ̀wọ̀n rí, èmi ni mo sì gbà á sílé nígbà tó jáde. Wọn kì í paná lóru nínú yàrá tí wọ́n ń tì wọ́n mọ́, nítorí náà kò lè sùn nínú òkùnkùn. Ó máa ń yára jẹun, apá rẹ̀ kan a sì yí abọ́ ká bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kí ó tó lọ wẹ̀, nínú ilé tí òun náà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè fà mọ́ obìnrin ní ọjọ́ kejì tó dé. Àwọn tó ní ìwé náà falẹ̀ kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń falẹ̀ tó. Ó tilẹ̀ yá jù lójú mi.

Ní ti ewu, ẹ rántí pé abẹ́ àmójútó ni ọkùnrin inú ìwé náà wà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó pé gbọ́dọ̀ máa fara hàn níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, kò gbọdọ̀ ṣí lọ síbòmíràn láìgbàṣẹ, wọ́n sì lè ní kí ó ti wà nílé ní wákàtí kan pàtó lálẹ́. Tó bá rú òfin wọ̀nyí, wọ́n lè dá a padà sẹ́wọ̀n, bí kò tilẹ̀ jí abẹ́rẹ́. Ibi àríyá tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ jọ jó ni òǹkọ̀wé ti lo èyí. Ọkùnrin náà ń wo aago ara ògiri lórí èjìká obìnrin náà, ó sì já orin náà sílẹ̀ lágbedeméjì, ó sáré jáde. Obìnrin náà gbá bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́, ó sáré tẹ̀lé e láìbéèrè ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́nu.

Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àròsọ. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba tọpa àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ 30 ní ọdún 2005, wọ́n sì rí i pé ọlọ́pàá tún mú ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún wọn láàárín ọdún 3, ó sì di ìdá 83 láàárín ọdún 9. Pé wọ́n mú ènìyàn kò ní kí ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá fẹ́ fi ọkàn rẹ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Akọ̀wé-Ìtàn

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lórí aago, mo sì gbà pẹ̀lú Adúróṣinṣin lórí oníṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù lọ nínú ìwé náà, lójú tèmi, kò sí nínú méjèèjì. Ọdún 8 ti obìnrin náà ni wọ́n gbójú fò.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ wá. Nelson Mandela kì í ṣe olè, nítorí òṣèlú ni wọ́n ṣe tì í mọ́lé, nítorí náà n kò fi wé ọkùnrin inú ìwé yìí ní ti ẹ̀ṣẹ̀. Ìpadàbọ̀ ni mo fẹ́ fi hàn. Ọdún 1958 ni òun àti Winnie ṣègbéyàwó, wọ́n sì mú un ní ọdún 1962. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Erékùṣù Robben lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, lẹ́tà kan àti àlejò kan ni wọ́n gbà á láyè láti ní láàárín oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, àwọn wọ́dà sì ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá bá àlejò náà sọ. Ọdún 1984 ni wọ́n tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀. Ìfẹ́ náà la gbogbo èyí já. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990, àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú jáde, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n. Ní ọdún 1992, Mandela kéde pé òun àti Winnie ti pínyà. Ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ tú ìgbéyàwó wọn ká.

Kí ló ṣẹlẹ̀? N kò ní ṣe bí ẹni tó wà nínú yàrá wọn. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Winnie kò jókòó sójú kan ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n mú òun náà ní ọdún 1969, ó lo ọjọ́ 491 ní àtìmọ́lé, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì dá wà. Ní ọdún 1977, wọ́n lé e lọ sí Brandfort, ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọdún 1962 kọ́ ni ẹni tó wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjèèjì ló ti ibi kan dé.

Ní báyìí, ẹ padà sínú ìwé wa. Obìnrin náà ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó ti sin ìyá rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ọkùnrin mìíràn rí, gbólóhùn kan ṣoṣo sì ni wọ́n fi sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkùnrin náà kò béèrè rí pé báwo ni òkú ìyá rẹ ṣe lọ. Kódà níbi ilẹ̀kùn tí Òǹkàwé-Alẹ́ tọ́ka sí, ojú ọkùnrin náà nìkan ni a fi wo ọ̀rọ̀ náà. A mọ ìdí tó fi dúró, a kò sì mọ ìdí tí inú fi bí obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà Nelson Mandela, ìyẹn ìlànà lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2015, sọ ní nọ́ńbà 107 rẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n ènìyàn ni kí wọ́n ti máa ronú nípa ọjọ́ iwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìtúsílẹ̀. Ìtàn ìpadàbọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n ti pẹ́ jù kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Òǹkàwé-Alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Akọ̀wé-Ìtàn, ohun tí ẹ sọ nípa ilẹ̀kùn yẹn mú kí n padà lọ ka ojú ìwé náà, òótọ́ sì ni: lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ṣàlàyé ara rẹ̀, obìnrin náà ló tọrọ àforíjì, orí tó kàn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tó rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí òun. Mo ṣì fẹ́ràn ojú ìwé náà, ṣùgbọ́n mo rí i báyìí pé àwọn tó bínú àti àwọn tó sunkún lè jẹ́ ẹlẹ́rìí òótọ́ lórí ìwé kan náà, nítorí òǹkọ̀wé fojú sí ẹnìkan dáadáa, ó sì fi àwọn tó yí i ká sílẹ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí a gba ohun tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé náà. Orí kẹsàn-án wà, níbi tí obìnrin náà ti kó àwọn lẹ́tà tó kọ ṣùgbọ́n tí kò fi ránṣẹ́ jáde, tí ó ń kà wọ́n fún ara rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó bú ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún 8 tí ẹ ń wá wà nínú àwọn lẹ́tà yẹn.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Akọ̀wé-Ìtàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Ìyá wa. Mo rántí orí náà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ó dá àwọn lẹ́tà náà padà sínú àpótí, ọkùnrin náà kò sì kà wọ́n títí ìwé fi parí. Bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ kí ó ka èyí tó bú u nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi ìgbéyàwó, n kò ní ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ìwé náà.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Adúróṣinṣin

Èmi ṣì ní ẹjọ́ tèmi lórí oníṣọ́ọ̀bù. Tí ẹnikẹ́ni bá rí ibi tí wọ́n ti tún dárúkọ ọkùnrin yẹn lẹ́yìn orí kẹta, kí ó jọ̀wọ́ kọ nọ́ńbà ojú ìwé náà sí ìsàlẹ̀ yìí, n ó sì lọ kà á.