Jeep tí mo gbé sókè, tí mo fi táyà íǹṣì 37 sí: ṣé òfin California yóò gbà á lójú títì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ní Houston, mo sì ní Jeep Wrangler Rubicon onílẹ̀kùn mẹ́rin ti ọdún 2012 tí mo ti fi owó ara mi tún ṣe díẹ̀díẹ̀. Táyà 255/75R17 ló bá a wá láti ilé-iṣẹ́, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 32. Mo fi sípíríǹgì gígùn gbé ọkọ̀ náà sókè ní íǹṣì 4, mo fi táyà íǹṣì 37 tó fẹ̀ ní íǹṣì 12.5 sí i, mo yọ mọ́gáàdì àtilẹ̀wá, mo fi onírin pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀, mo sì de iná LED gbọọrọ kan mọ́ orí òrùlé. Etíkun Bolivar ni a máa ń gbé e lọ ní ọjọ́ Sátidé, kò sì tíì rì sínú iyanrìn ibẹ̀ rí.

Ní Texas níbí, òfin kò dí wa lọ́wọ́ púpọ̀. Kò sí èyí tó sọ ibi tí a gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ ga dé. Iná iwájú ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju íǹṣì 24 lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju 54 lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2025 ni wọ́n ti fòpin sí àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò, ìdánwò èéfín nìkan ló kù fún àwa tí a wà ní Harris County.

Ní báyìí, iṣẹ́ tuntun ń gbé mi lọ sí Sacramento láàárín oṣù méjì. Ẹnì kan sọ fún mi pé mo gbọ́dọ̀ tú gbogbo ohun tí mo fi sára ọkọ̀ yìí kúrò kí n tó lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní California. Ẹlòmíràn ní kò sẹ́ni tó ń wo irú rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, n kò sì fẹ́ kí ọlọ́pàá máa dá wa dúró lójú wọn. Kí ni òfin sọ gan-an? Kí ni mo lè ṣe tí yóò fi lè máa rin títì láìlẹ́bi, tí yóò sì tún lè máa wọ inú igbó? N kò fẹ́ tà á.

Àkànní, Sacramento

Àbúrò mi, o kú ìmúra ìrìn-àjò. Àwọn méjèèjì tó bá ọ sọ̀rọ̀ kò sọ ọ́ débi tó yẹ. Ohun tí òfin California ń wọ̀n kì í ṣe gíga táyà, gíga ṣáásì ni, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ ró lábẹ́. Abala 24008.5 nínú òfin ọkọ̀ ìpínlẹ̀ náà sọ pé ṣáásì ọkọ̀ akérò kékeré kò gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 23 lọ sí ilẹ̀. Àwọn ọkọ̀ yòókù, irú bíi pickup, ni wọ́n fún láyè sí i gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ní ọkọ̀ náà lè wúwo dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀: íǹṣì 27 bí kò bá ju 4,500 pọ́ùn lọ, 30 láti 4,501 dé 7,500, àti 31 láti 7,501 dé 10,000.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwa oníJeep ti ń ṣì í. A ó wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀, a ó rí i pé ìwọ̀n tiwa lé ní 5,000 pọ́ùn, a ó sì fọkàn balẹ̀ pé íǹṣì 30 ni wọ́n fún wa. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ tí a ṣe láti gbé ènìyàn tí kò ju mẹ́wàá lọ, tí kì í ṣe akẹ́rù tàbí bọ́ọ̀sì, ni òfin náà ń pè ní ọkọ̀ akérò, Wrangler sì wà lára wọn. Íǹṣì 23 ni kí o fi sọ́kàn.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, wọ̀n ọ́n. Gbé ọkọ̀ náà sórí kọnkéré tó tẹ́jú, kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ táyà sì jẹ́ èyí tí o fi ń rin títì, kì í ṣe èyí tí o dín kù fún iyanrìn. Wá àárín méjì ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lábẹ́ ọkọ̀, kí o na téèpù láti ilẹ̀ dé ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lára irin ṣáásì gbọọrọ náà níbẹ̀. Má ṣe wọ̀n ọ́n láti abẹ́ dífù (àpótí jíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì) tàbí láti abẹ́ irin tí a ń tẹ̀ wọ ọkọ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe ṣáásì. Bí o bá sì ti fi nǹkan ti bọ́dì sókè kúrò lórí ṣáásì, mọ̀ pé ìsàlẹ̀ bọ́dì kò gbọdọ̀ fi ju íǹṣì 5 lọ ga ju orí ṣáásì.

Mọ́gáàdì pẹlẹbẹ tí o sọ yẹn ń kọ mí lóminú. Abala 27600 ní kí mọ́gáàdì, tàbí ohunkóhun tó bá dípò rẹ̀, fẹ̀ tó ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀, kí ó lè dá omi àti ẹrẹ̀ dúró. Mo ti wà lẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú òjò lórí títì 80: ẹrẹ̀ bo gíláàsì iwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò rí ìlà ojú títì mọ́, àwọn ẹbí mi sì wà nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé òfin yẹn tọ́.

Ní ti iná, láàárín íǹṣì 22 sí 54 ni iná iwájú gbọ́dọ̀ wà, tìrẹ yóò sì wà níbẹ̀. Tẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí pé ọkọ̀ tí a gbé sókè máa ń tan iná sí ojú ẹni tó ń bọ̀. Iná orí òrùlé ńkọ́? Kí o pa á nìkan kò tó. O gbọ́dọ̀ fi ìdérí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà kọjá bò ó nígbàkígbà tí o bá wà lójú títì.

Màmá Ìbejì, Riverside

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Àkànní. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ogúnjọ́ péré ni wọ́n fún yín láti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní DMV, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé California. Wọ́n á yẹ nọ́ńbà ṣáásì wò, ọkọ̀ á sì ṣe ìdánwò èéfín.

Níbi ìdánwò yẹn, wọ́n á tún ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi ojú wo inú ẹ́ńjìnnì. Sípíríǹgì àti táyà kò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pààrọ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ CARB, àjọ tó ń rí sí afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Èmi gbé ọkọ̀ tèmi lọ pẹ̀lú èyí tí kò ní nọ́ńbà yìí, wọ́n sì dá mi padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín rẹ̀ mọ́. Àfi ìgbà tí mo wá ti àtilẹ̀wá rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù. Bí ti yín bá ṣì wà ní gáréèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín pẹ̀lú, kí ẹ to gbogbo àyípadà náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì.

Mẹkáníìkì Gbọ̀ngán, Katy

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọwọ́ mi kún un. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yìí ṣì gbà pé táyà íǹṣì 32 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àfi bí ẹ bá ti tún un sọ fún un. Bí mítà bá ka máìlì 60, ọkọ̀ ti ń sá nǹkan bíi 69, ọlọ́pàá kò sì ní gbà pé mítà ló parọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù la fi ń tún un ṣe, kò sì pẹ́.

Jíà 4.10 ló wà nínú dífù Rubicon yín, ìyẹn ni pé ọ̀pá tó ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì wá ń yí ní ìgbà 4.10 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí táyà 37, ńṣe ló ń ṣe bí ẹni pé 3.55 ni, ẹ́ńjìnnì á máa jìjàkadì lórí òkè, ojú ọ̀nà láti ibí dé California sì kún fún òkè. Búréèkì náà ń jìyà, torí pé ẹrù tó ń dá dúró ti wúwo ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ.

Oníbàárà kan gbé Jeep wá fún mi ní ọdún tó kọjá, ó ní bí òun bá ti gun kòtò ní máìlì 55, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n títí òun yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Táyà ni wọ́n ti dá lẹ́bi níbòmíràn. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa yí sítíárìn lọ sọ́tùn-ún lọ sósì, mo sì di track bar mú, irin tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ṣáásì kí ó má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bóòtù rẹ̀ ń rìn nínú ihò. Ihò náà ti fẹ̀, ó ti rí bí ẹyin. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wo tiyín kí ẹ tó gbéra.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Mo wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ yìí bí ẹ̀gbọ́n Àkànní ṣe ní kí n ṣe é. Íǹṣì 24 àti ààbọ̀ ni, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo na igi tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ láti etí mọ́gáàdì, ojú táyà sì yọ kọjá rẹ̀ ní íǹṣì 2. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àkànní, Sacramento

Kò burú tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi sípíríǹgì íǹṣì 2.5 rọ́pò ti 4, íǹṣì 1.5 ti kúrò. Bí táyà bá di 35, ìdajì àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti 37 ni ṣáásì yóò fi wálẹ̀, èyí jẹ́ íǹṣì 1. Ó di 22, o sì ti wọlé. Fi mọ́gáàdì fífẹ̀ ti àtilẹ̀wá padà, tàbí èyí tó bo gbogbo ojú táyà. Ọ̀nà Rubicon tí wọ́n fi sọ ọkọ̀ rẹ lórúkọ wà ní El Dorado County, kò jìnnà sí wa níbí, mo sì ti fi táyà 35 là á já.

Mẹkáníìkì Gbọ̀ngán, Katy

Bí ẹ bá bọ́ sórí 35, jíà 4.56 ni kí ẹ fi sí i, yóò sún mọ́ bó ṣe wà nígbà tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa kí ẹ tó san owó, kí àmì DOT, èyí tó fi hàn pé táyà náà yẹ fún ojú títì, wà lára rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ìdíje lórí àpáta nìkan, kò sì yẹ kí irú wọn kan títì. Ẹ gbé e wá ní Sátidé ní kùtùkùtù, nítorí iṣẹ́ dífù méjèèjì kì í tán ní wákàtí díẹ̀.